Orí Tó Dákẹ́

Ní Ọ̀fà, lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin,
mo ń dirun fún ẹni tó bá lè jókòó pẹ́.
Wọ́n ní ọwọ́ mi yá.
Wọn ò mọ̀ pé ìbẹ̀rù ló ń sáré nínú rẹ̀:
bí mo bá ti fi ìlarun la orí sí méjì
ni orí á bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́.
Ti Ìyá Sàlámì ní ọkọ rẹ̀ ò ní bọ̀ láti Kàdúná mọ́.
Ti Fàlílátù fi oyún hàn mí tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀.
Mo á di ọ̀rọ̀ náà mọ́ irun,
mo á gbowó mi, mo á dákẹ́.

Kòkúmọ́, òru ni ìwọ wá,
lẹ́yìn tí ọkọ̀ tó ń ti Òkè Ọya bọ̀ ti kọjá.
O dúró lẹ́nu ọ̀nà,
o ní ẹni tí wọn ò bá pè kì í wọlé onílé.
Mo rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni.
Mo ní, "Wọlé."

O ní kí n bá ọ fá orí.
Mo gbé ọwọ́ lé e, ó tutù bí àmù láàárọ̀ ọyẹ́,
mo sì dúró de ẹjọ́.
Kò sí.
Kò sọ̀rọ̀ ìyá, kò sọ̀rọ̀ ikú, kò sọ̀rọ̀ ọ̀la.
Ó dà bí ìgbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ ìlọta
tí etí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé ariwo ti ń pa òun látàárọ̀.
Mo sunkún sí ọ lórí. O ò béèrè ìdí.

O bá wọn tẹ́ irin yẹn, o sọ fún mi.
Àwọn tẹ́ ẹ jọ ru pákó rẹ̀ ti di erùpẹ̀,
ọmọ wọn ti di erùpẹ̀,
eyín tìrẹ ṣì pé.
Ohun tó ń bọ́ ọ, ìtìjú lo fi sọ ọ́,
bí ọkùnrin tó ń jẹ́wọ́ gbèsè.
Ewúrẹ́ ni, o ní. Ewúrẹ́ àti màlúù ọjà Ọwọ́dé.
Mo gbà ọ́ gbọ́. Mo ní kí wọ́n di kọjúsọ́kọ fún mi,
èmi tí n kò lè kọjú sí ọkọ lọ́sàn-án.

Ìtúnnu ku ọ̀la nígbà tí Awáwù wá,
ọmọ ilé kejì, ọmọ ọdún mẹ́tàlá.
Ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ ló fẹ́.
Mo fọwọ́ kan ìpàkọ́ rẹ̀:
mo rí ihò méjì, kékeré, bí ojú abẹ́rẹ́,
mo gbọ́ òórùn òróró ojú irin,
mo gbọ́ ohùn rẹ tó ń tọrọ àforíjì.
Kòlẹ́sẹ̀ ni mo dì fún un, kó lè bo ọrùn.
Ó sunkún délé. Ìyá rẹ̀ wá bá mi jà.

Lóru ọjọ́ náà mo na ọwọ́ mi sí ọ.
Ìjàkadì lorò Ọ̀fà;
ìwọ ń kọ̀, èmi ń tì í sí ọ lẹ́nu,
títí àkùkọ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ.
Nígbà tó o mu ún, ìwọ lo ń gbọ̀n.

Lọ́sẹ̀ kìíní, àwọn orí ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.
Lọ́sẹ̀ kẹta, n kò gbọ́ ju ìró ìlarun lọ.
Àṣé inú ẹ̀jẹ̀ ni mò ń gbà ríran.
Mo sùn, Kòkúmọ́, mo sùn bí òkúta inú odò.
Ìwọ lo wá ń ta gìrì, tí ò ń pe orúkọ ẹni ẹlẹ́ni.
O ní, "Mùníbátù, báwo lo ṣe ń fara dà á?"

Lónìí Awáwù tún dé, nítorí Iléyá.
Ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi,
ó ní òun ò gba kòlẹ́sẹ̀ mọ́.
Mo gbé ọwọ́ lé e lórí.
Ó dákẹ́.
Mo tún gbé e. Ó dákẹ́.
Ṣé ewu ló kọjá, àbí èmi ni mo fọ́jú?
Ọmọ náà ń jẹ gúgúrú,
ó tẹ orí síwájú, ọrùn rẹ̀ gbalasa,
ó ní, "Ẹ tètè dì í, kílẹ̀ tó ṣú."