Ìwé Tí A Fi Òróró Lárà Pa

Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Ìbíwùmí kọ́kọ́ dé Abà Látúndé,
ó bá mi níbi tí mo ti ń fọ́ kòkó.
Ó ní, "Bàbá, ẹ mọ gbogbo ihò tó wà nínú igbó yìí?"
Mo rẹ́rìn-ín.
Ẹni tó ti ń pa òkété fún ọdún mẹ́rìndínlógójì,
ta ni yóò tún mọ ihò jù ú lọ?

A gé ìwé funfun,
a rì í sínú òróró lárà tí ìyàwó mi tọ́jú fún irun rẹ̀,
a fi ọwọ̀n ìgbálẹ̀ gún un dúró
lẹ́nu ihò òkété,
lẹ́bàá ògán,
nínú ikùn ìrókò tí àrá ti là láyé bàbá mi.
Ilẹ̀ ṣú.
Ó ní atẹ́gùn gbọ́dọ̀ dákẹ́ kí wọ́n tó jáde,
ìyẹ́ wọn ò lè gbé wọn kọjá ibi tí ọmọdé lè sọ òkò dé.
Èmi ò mọ ohun tí a ń dẹ.
Gbogbo ohun tí mo ti dẹ rí ló nírù.

Láàárọ̀ ó gbé awò lé e, ó ní kí n wò.
Ẹ gbà mí!
Ohun tí mo ti ń gbọ̀n dànù lára bí eruku ẹlùbọ́
nírun lára, ó ní ojú dúdú méjì,
ó na ìyẹ́ sókè bí ẹni tó ní kí wọ́n má yìnbọn fóun.

"Kí lẹ ń pè é níhìn-ín?"
Mo wá orúkọ rẹ̀ títí.
Amùkúrù kọ́: etí odò nìyẹn wà, ọ̀sán ló ń jẹni.
Kantíkantí kọ́: ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ni tiẹ̀.
Ẹ̀fọn kọ́. Ẹ̀fọn ṣì lẹ́kọ̀ọ́ ilé díẹ̀,
a máa kọrin síni létí kó tó mu ẹ̀jẹ̀ ẹni.
Èyí kì í kíni.
Ó ní eṣinṣin yanrìn ni ìwé àwọn òyìnbó pè é.
Yanrìn kẹ̀? Nínú ilẹ̀dú?
Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ò dé oko mi.

Ó ní abo nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀,
oje igi ti tó akọ.
Kì í wá omi kó tó yé ẹyin:
ilẹ̀ tútù ni, ewé jíjẹrà, ìgbẹ́ ewúrẹ́.
Òmíràn wà tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ alángbá nìkan ló mọ̀.
Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ ibòmíràn, òmíràn a mu lára eku,
a wá bà lé ọmọ ènìyàn lójú,
egbò a yọ síbẹ̀, kò ní dùn ún, kò sì ní tètè jinná.
Mo na apá Àwẹ̀ró, ọmọ ọmọ mi, sí i.
Ó yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń ka ìwé ẹjọ́.
"Ẹ̀gún ọsàn lèyí."
Mo mí.

Oṣù mẹ́ta la fi ka òkú.
Lábẹ́ ìrókò, mẹ́sàn-án.
Oko kòkó, mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ògiri ilé ìdáná mi, níbi tí ewúrẹ́ ń fara nù,
ó kà á, ó tún un kà,
mẹ́tàdínlọ́gọ́rin.
Ògiri mi lanu.
Alángbá nìkan kọ́ ló ń bá ibẹ̀ wọlé.

Mo ní, "Ṣebí igbó nilé wọn?"
Ó ní, "Igbó dà?"
Mo gbójú sókè.
Pánù tuntun ni mo rí, títí dé ọ̀nà Ìdí-Ayunrẹ́.
Mo rántí àwọn agégẹdú.
Mo rántí iye tí mo gbà lọ́wọ́ wọn.
Òkété ti gbẹ́ ihò sábẹ́ àká mi láti ọdún méjì.
Ẹni tí a tú ilé rẹ̀, ilé ta ni yóò wọ̀?
Ohun tó ń bá a gbé náà tẹ̀lé e,
kò gbé ẹrù, kò pariwo.

Ọ̀mọ̀wé ti padà sí ìgboro.
Yóò wo inú wọn bóyá àrùn wà níbẹ̀ tàbí kò sí.
Èsì ò tíì dé.
Mo ti fi amọ̀ di ibi tó sán,
mo ti kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ jìnnà.
Ìwé kan ló kù tí mi ò yọ.
Lálaalẹ́ mo ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i,
mo ń wò wọ́n, ìyẹ́ sókè.
Mi ò tíì rí orúkọ sọ wọ́n.