Ọ̀níní Nínú Ike

"Àwẹ̀ró, ìwọ tó ń fa eyín ọmọ ọlọ́mọ,
wá bá mi fa ọ̀kan yìí."
Bí Bàbá Ọ̀jẹ́túndé ṣe ránṣẹ́ pè mí nìyẹn láàárọ̀ Sátidé,
ọyẹ́ ti bo gbogbo Kàdúná bí ẹlẹ́bu tú sílẹ̀,
ètè mi là,
ìyàwó Màlámù Bàlá ń gbá eruku
tí yóò padà dé kí ó tó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

Ó tẹ́ aṣọ ìnura sórí tábìlì.
Ó gbé e kalẹ̀: ike pẹlẹbẹ, ó le, ó mọ́ gaara,
òkè òkun ni wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa,
wọ́n fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lórí: méjìlélọ́gọ́ta.
Ọ̀níní kan ṣoṣo ló sùn sínú rẹ̀,
ihò àárín rẹ̀ ń wò wá.

"Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni," Bàbá wí.
"Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ti fẹ́ lọ jẹun ọ̀sán.
Wo etí rẹ̀. Wo bí ìràwọ̀ rẹ̀ ṣe yọ.
Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, bí kò bá tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."
Mo ní, bí wọ́n bá tún un wò tó wá dín ńkọ́?
Kò fèsì. Ó ń wá awò ojú rẹ̀,
awò ọ̀hún wà níwájú orí rẹ̀.

Mo ti mú ẹ̀mú wá láti ọsibítù,
èyí tí a fi ń ká kùkùté eyín.
Igun ni mo ti bẹ̀rẹ̀.
Eyín a máa bẹ̀bẹ̀ kí ó tó jáde,
ike kì í bẹ̀bẹ̀.
Mo há a, ó dákẹ́. Mo há a le sí i,
ó ké pá! bí ẹni pa ẹ̀kùrọ́ sí mi létí,
èérún fò, ọ̀kan ha mọ́ irùngbọ̀n Bàbá,
ọ̀níní bọ́ sílẹ̀,
ó ń yí lọ, ó ń yí lọ, a ò mí,
ó dé ẹsẹ̀ fíríìjì, ó pòòyì, ó dùbúlẹ̀.

Mo ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀, èmi tí mo wọ ìbọ̀wọ́:
etí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ dì mú, Bàbá,
òógùn ọwọ́ a máa kọlà sára irin.
Ó kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ dún ju ike lọ.
Ó fi àtàǹpàkò lásán he é,
ó gbé e sí imú.

"Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti rà á," ó ní,
"n kò gbóòórùn rẹ̀ rí."
Ó wá ń sọ ti téṣàn rélùwéè Mínà,
bàbá rẹ̀ nídìí fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì,
ọ̀níní tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ pé kó sáré lọ ra kúlí-kúlí
lọ́dọ̀ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dèlú,
nígbà tí ọ̀níní ṣì ń ra nǹkan,
nígbà tí a kò tíì máa wí pé "n kò ní ọ̀níní"
láìmọ ohun tí a kò ní.

Mo rí ìlà àtàǹpàkò rẹ̀ lójú irin náà.
Mi ò sọ̀rọ̀.
Ta ló ń sọ fún ẹni tó ń fẹnu ko ọmọ rẹ̀ lẹ́nu
pé ètè rẹ̀ dọ̀tí?

A fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.
Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ kí ó tó padà dé
nínú ike tuntun, pẹ̀lú bébà tuntun: ọ̀kànlélọ́gọ́ta.
Bàbá wò ó títí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó húkọ́.
"Ó kéré tán, wọ́n mọ̀ pé ẹnìkan fọwọ́ kàn án."

Bébà àkọ́kọ́ wà lápò aṣọ iṣẹ́ mi láti ọjọ́ náà.
Mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.
Ìgbà tí mo yọ ọ́, nọ́ńbà ti lọ,
àwọn ìlà dúdú wẹẹrẹ nìkan ló kù,
èyí tí ẹ̀rọ ń kà.
Mo sá a sórí okùn pẹ̀lú àwọn ìbọ̀sẹ̀.