Ipa Táyà

Agbégilódò ni mo ń wà, ní Ìjẹ̀bú-Igbó.
Òjò ti rọ̀ mọ́jú kí n tó ti igbó dé,
arère mẹ́rin lẹ́yìn mi, ìdígbó kan,
ilẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì.
Mo yí ọkọ̀ wọ ẹ̀yìnkùlé wa l'Ókè-Àgbò,
táyà rì, mo tẹ̀ ẹ́, ó tún rì,
ó fi ipa méjì gbọọrọ sílẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé àwọn ọmọ.
Omi kún un. Mo wọlé lọ sùn.

Ta ló mọ̀ pé ilé ni mo kọ́?
Abo yànmùyánmú kan fò kọjá ní àṣálẹ́.
Kò fẹ́ odò ńlá, odò ń sáré jù fún ẹyin.
Kò fẹ́ gọ́tà, ó ń rùn.
Omi òjò tí oòrùn ń wò lójú,
tí kò lọ, tí kò bọ̀, ìyẹn ló fẹ́.
Ó yé ẹyin dúdú sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan,
ẹyin tó kéré ju èérún gàrí lọ,
ó sì fò lọ láì wẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ kẹta, omi ń mì.
Tanwíjí! Wọ́n sùn gbalaja lójú omi bí ẹni ń yáàrùn.
Àwọn ọmọ ń fi ìgbálẹ̀ tọ́ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín:
"Bàámi, ẹ wá wo ẹja!"
Mo ní kí wọ́n má fi ẹrẹ̀ kun aṣọ.
Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ẹja ti hu ìyẹ́.

Akọ inú wọn kò ṣẹnikẹ́ni, oje òdòdó ló ń mu.
Abo ló ń wá ẹ̀jẹ̀, nítorí ọmọ.
Èyí gan-an ló ń dùn mí:
nítorí ọmọ náà ni èmi ṣe ń wọ igbó.

Kò ní àtùpà, kò bèèrè ọ̀nà.
Èémí tí a mí síta ló ń tọ̀
bí ẹni ń tọ òórùn ẹja yíyan dé ìdí ààrò.
Ó sún mọ́ wa, ó gbóòórùn òógùn,
òórùn ẹsẹ̀ tó wọ bàtà rọ́bà láti àárọ̀.
Ó tún sún mọ́ wa, ìgbóná ara fi ojú ibẹ̀ hàn án:
ibí ni.
Ó gbé ìdí sókè, ó ki ẹnu bọlẹ̀,
bí ẹni ń forí balẹ̀ kí ọba.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹja yẹn, ẹ̀jẹ̀ mi ló kọ́kọ́ mu.
Ibà ti ń ṣe mí ṣáájú. Nọ́ọ̀sì Ọ̀nàkọ́yà fún mi ní oògùn ọjọ́ mẹ́ta.
Lọ́jọ́ kejì ara mi yá,
mo ká ìyókù sínú bébà, mo há a sí àjà ọkọ̀
de ọjọ́ mìíràn.
Ohun tí oògùn kò rí pa, yànmùyánmú gbé e lọ.
Kò pa òun lára. Ó ń ru ẹrù ẹlẹ́rù kiri,
ọjọ́ mẹ́wàá, ọjọ́ méjìlá,
ẹrù ń bí sí i ní ikùn rẹ̀, ó gòkè dé ibi itọ́.
Ó wá padà.
Èmi wà nínú igbó Ọmọ lóru ọjọ́ náà.
Àwọ̀n wà nínú ọ̀rá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a ní ooru ń mú.
Ó rí ẹsẹ̀ Adétutù létí ẹní.

Adétutù ni mo sọ ọ́. Ara rẹ̀ ń jó bí agbada gàrí.
Mo da aṣọ mẹ́ta bò ó, eyín rẹ̀ ṣì ń lu ara wọn.
Ó ń pe ẹja.
Nọ́ọ̀sì Ọ̀nàkọ́yà gún un ní ìka,
ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí ike pẹlẹbẹ, a dúró.
Ìlà kan yọ. Ìlà kejì yọ.
Ìlà méjì gbọọrọ,
gẹ́lẹ́ bí ipa táyà.

Ó lo oògùn tán. Èmi ni mo ń kà á, hóró kan kò ṣẹ́kù.
Ara ọmọ ti tutù.
Èmi àti Ọ̀ṣínúgà ọmọọṣẹ́ mi
kó yẹ̀pẹ̀ àti ìyẹ̀fun pákó, a dí méjì yẹn pa.
Mo wá gbójú sókè wo ọ̀nà sọ́míìlì:
ipa táyà, ipa táyà, omi ń dán nínú wọn,
òmíràn tèmi, òmíràn tẹlòmíràn,
kò sì sí èyí tó kọ orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́.
Mo tún gbé ṣọ́bìrì.