Wọ́n Ní Ọkàn Ni

Ìwé tó ń sọ ìgbà tí òkun yóò fà, ìgbà tí yóò kún,
ẹ̀gbẹ́ fìríìjì ni màmá mi Dosinda máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.
Ogójì ọdún ó lé díẹ̀ ló ti ń bá òkun Galísíà du iyanrìn:
kílẹ̀ tó mọ́, omi á ti sá lọ,
òun àti àwọn obìnrin yòókù á wọ bàtà róbà,
wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa fi réèkì ha iyanrìn,
wọ́n á máa ṣa ìṣáwùrù sínú garawa.
Kò sí tíṣà tó kọ́ ọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́ ọ.
Á dúró lójú kan, á ní, "Ibí ni wọ́n wà,"
ibẹ̀ náà ni a ó sì ti bá wọn.

Oṣù Kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi pẹ́ńsùlù
fa ìlà wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọjọ́ kan.
Mo rò pé owó ìṣáwùrù ló ń ṣírò.
Ó ní rárá, ọjọ́ tí àgbọ̀n ń ro òun ni,
tí ìrora ọ̀hún gba ẹ̀yìn wá sí èjìká òsì,
tí àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún láti etí omi
di òkè tí kò lópin.

Dókítà Lourido kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà.
Ọmọ ọdún mélòó? Ọgọ́ta ó dín méjì.
Ta lẹ jọ ń gbé? Èmi nìkan, látìgbà tí ọkọ mi ti kú.
Ó mi orí bí ẹni tó ti já àlọ́.
"Ọkàn ni, ìyá. Ìdààmú ọkàn. Ẹ máa sinmi."
Ó kọ oògùn oorun fún un.

Nígbà kejì, ọkàn ni.
Nígbà kẹta, kó lọ wá ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ tèmi,
èmi tí mo ti inú ara yẹn jáde:
mo ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ iye ọdún tí ọkùnrin yẹn fi kàwé?"
Ó ń bó ọ̀dùnkún lọ́wọ́. Kò dúró.
Ó ní, "Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mo ti ń gbé inú ara yìí.
Ìṣẹ́jú mẹ́fà lòun fi yà síbẹ̀."
N kò rí èsì. Mo bu omi sí ìkòkò.

Oṣù Kọkànlá, òwúrọ̀ tí omi fà jìnnà,
irú èyí tí wọ́n ń retí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún,
màmá mi gbé réèkì lélẹ̀ láàárín iyanrìn.
Erundina kígbe, "Òkun ń padà bọ̀ o, kí lò ń dúró dè?"
Ó ní, "Kì í ṣe òkun ló ń bọ̀."
Ó yà sílé, ó já ìwé ara ògiri, ó ká a sápò,
ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ìwòsàn ńlá inú ìlú
tòun ti bàtà róbà, tí iyanrìn ń já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀.
Wọ́n ní kó padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀.
Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun ò dìde.

Ọmọbìnrin kan, Uxía, tí kò tíì pẹ́ nídìí iṣẹ́,
ló bẹ̀rẹ̀ tì í, tó rí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀,
tó bi í pé, "Kí ni àwọn ìlà yìí?"
Oṣù mẹ́jọ. Kò sẹ́ni tó tíì bi í.

Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà.
Uxía ní, "Ọkàn ni, ìyá."
Màmá mi bú sẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì, tomijé tomijé:
ọ̀rọ̀ kan náà, àmọ́ èyí ní ẹ̀jẹ̀ nínú,
èyí ní iṣan tó ti fẹ́ dí pa bí ojú odò tí iyanrìn kún.

Oògùn oorun ṣì wà nínú dúróà. Kò já a rí.

Ìwé ọdún tuntun ti wà lára ògiri.
Lánàá mo rí ìlà kan níbẹ̀, àyà mi já, mo bi í.
Ó ní, "Orúnkún ni. Orúnkún lásán."
Mo gbà á gbọ́.