Ọ̀rọ̀ Tí Kò Lámì

Ní Ìdó-Èkìtì, aago mẹ́ta òru,
jẹnẹrétọ̀ ń hanrun bí àgbà tó sùn sórí àga,
Jọláadé jí, ó nawọ́ béèrè pẹ́ńsù.
Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Rọ́bà wà lọ́fun rẹ̀,
kò lè fọhùn.
Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀:
"Ta lo n mi?"
Kò fàmì sí i.

Mo ti kàwé títí irun mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun,
mo mọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé ń gbà,
ṣùgbọ́n mo dúró síbẹ̀ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi:
ṣé "mí" ni, àbí "mì"?
Bó bá jẹ́ "mí", ta ló ń mí,
ṣé òun ni, àbí ẹ̀rọ tó ń ti àyà rẹ̀ sókè?
Bó bá jẹ́ "mì",
ọwọ́ mi ni, Jọláadé. Ọwọ́ mi ló ń mì.

Lọ́jọ́rú, a jókòó,
àwa tí ilé ìwòsàn ní ká máa tú ọ̀rọ̀ tó bá ta kókó:
mátíróònù, lọ́yà kan láti Adó,
àáfà, pásítọ̀ tí fóònù rẹ̀ kò yéé dún,
èmi tí wọ́n ń pè ní Dókítà Ìbéèrè.
Ọkàn ọmọ náà ti wú. Oògùn kò ràn án mọ́.
"Mí" la ń sọ. Ọjọ́ mélòó ló tún lè fi mí?
Ta ni yóò sanwó mímí?
Bí a bá yọ rọ́bà, ṣé a pa á ni?
Bí a kò bá yọ ọ́,
kí là ń ṣe fún un, kí là ń ṣe sí i?

Bàbá rẹ̀ ń lagi ní Ìkọ́gọ̀sì.
Èérún pákó ṣì wà nínú irun apá rẹ̀.
Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ló ti ń bẹ̀ wá:
"Ẹ má sọ fún un. Ọmọdé ni.
Ẹ̀rù á pa á kí àìsàn tó pa á."
Mi ò bá a jiyàn. Mo ti rí òótọ́
tí wọ́n dà lé ọmọ lórí bí omi gbígbóná;
mo sì ti rí ọmọ tó kú láàárín irọ́,
gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín sí i,
ó mọ̀, kò rẹ́ni bá sọ ọ́.
Mo kàn gbé ìwé ìṣirò náà lé e lọ́wọ́.

Ó kà á. Ó tún un kà.
Pásítọ̀ pa fóònù rẹ̀.
Ó ní, "Nílùú wa, omi tó gbóná àti omi tó tutù
ń pàdé níbì kan.
Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ lè wà nínú ọ̀kan, tòsì nínú èkejì.
Wọn kì í jà.
Ẹ sọ fún un, dókítà. Ṣùgbọ́n
ẹ má gbé ìrètí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

Àwa méjèèjì la jọ wọlé.
Mi ò ní sọ gbogbo ohun tí a sọ.
Òótọ́ kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ṣíbí la fi ń fún ọmọ,
a ó sì dúró kó gbé e mì.
Nígbà tó yá, mo na pẹ́ńsù sí i:
"Bá mi fàmì sí i."
Ó wo ìwé náà pẹ́.
Àmì tó fà gòkè, ó sọ̀kalẹ̀,
ó tún gòkè, ó di òkè, òkè Èkìtì;
ó ya ilé kékeré kan sẹ́sẹ̀ òkè náà,
fèrèsé méjì, ajá kan.
Ó kọ "ule" sábẹ́ rẹ̀, bí ìyá ìyá rẹ̀ ti í pè é.

Nínú gbogbo ohun tí a bi ara wa lọ́jọ́rú,
kò sí èyí níbẹ̀.
Fáìlì rẹ̀ ní àyè fún ìwọ̀n, fún ìfúnpá,
fún orúkọ ẹni tí yóò sanwó.
Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ àwòrán náà mọ́ ojú ewé àkọ́kọ́,
mo bọ́ síta lọ bi awakọ̀ áńbúláǹsì
bóyá epo wà nínú ọkọ̀,
bóyá ọ̀nà Ìkọ́gọ̀sì ṣeé gbà lálẹ́.