Kí Iná Tó Lọ

Ní Ìrójò, ní Iléṣà, lẹ́yìn ilé epo, yàrá kan wà
tí wọ́n fi ẹfun kọ "Kọ̀ǹpútà fún Àgbà" sí ara ilẹ̀kùn rẹ̀.
Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí lọ́jọ́ tí mo wọlé,
mo fi ìwé gbèsè bàbá mi há abíyá.

Fadékẹ́mi ni olùkọ́, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.
Ó ní, "Bàbá, ẹ di eku yìí mú."
Mo wo ohun tó wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi:
kò nírun, kò jẹ èlùbọ́ ẹnikẹ́ni rí,
síbẹ̀ mo rọra dì í mú bí ẹyin ẹyẹlé.
Mo tì í sọ́tùn-ún, ọfà kékeré kan sá sọ́tùn-ún lójú gíláàsì.
Mo gbé e sókè, mo nà án sí gíláàsì bí rìmóòtù.
Màmá Ìjọ̀ka nìkan ló rẹ́rìn-ín,
òun tó ti ń fi ìka kan wá "ṣ" láti àárọ̀, tí kò rí i.

"Gíláàsì kọ́ ló ń ronú," ni Fadékẹ́mi wí.
Ó tọ́ka sí àpótí dúdú lábẹ́ tábìlì, tó ń kùn bí oyin.
"Ọpọlọ rẹ̀ nìyẹn. Ojú lásán lèyí.
Àtẹ lẹ́tà yìí sì ni etí rẹ̀.
Ẹ ò bá sọ̀rọ̀, kò ní mọ̀.
Ẹ bá ṣì í sọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò gbà á.
Kì í fura."

Òṣómàáló ni bàbá mi. Ó ru aṣọ dé Kàbbà.
Ọgọ́fà orúkọ ló wà nínú ìwé yìí,
ọgọ́fà ẹnu ọ̀nà tó lóṣòó sí.
Tàdáwà ti ń ṣá. Ikán ti jẹ ojú ewé Ìbòkun tán.
Mo ń tẹ̀ wọ́n wọlé, orúkọ lósì, owó lọ́tùn-ún,
nínú ihò kéékèèké bí afárá oyin:
Ògúndípẹ̀, ṣílè mẹ́rin.
Ìyá Sùnkúnmi, ṣílè méje àti tọ́rọ́.
Oníṣọ̀nà Èsà-Òkè, pọ́ùn kan, "ó ní lẹ́yìn kòkó."
Mo dé orí ẹni kẹtàlélógójì.

Iná lọ.

Fáànù dákẹ́. Gíláàsì di dúdú, mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀.
Nígbà tí iná dé, mo wá Ògúndípẹ̀, n kò rí i.
Mo ní, ṣé bí wọ́n ṣe ń jẹ gbèsè mọ́ni lọ́wọ́ láyé òde òní nìyí?

"Ìrántí méjì ló ní, Bàbá.
Èyí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ dà bí omi inú igbá:
ẹsẹ̀ kọ, omi dànù.
Èkejì ni àmù. Ohun tí ẹ bá dà síbẹ̀,
ibẹ̀ lẹ óò bá a lọ́la.
Ṣùgbọ́n kò ní dà á fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ óò ní kó fi pamọ́."

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Orúkọ márùn-ún, mo fi pamọ́.
Ẹyọ kan, mo fi pamọ́.
Fadékẹ́mi ní ó tó, n kò gbọ́.
Níkẹyìn ó tẹ ibì kan, àpótí ro gbogbo owó náà pọ̀ kí n tó mí:
pọ́ùn mọ́kànlélógún, ṣílè mẹ́sàn-án.
Eékún bàbá mi, àbí kí ni wọ́n rò yẹn?

Màmá Ìjọ̀ka ti rí "ṣ" rẹ̀.
Ó ń kọ̀wé sọ́mọ ní Màléṣíà: "Ṣé dáadáa ni?"
Láìsí àmì yẹn, ó ní, ọmọ òun á rò pé oúnjẹ ni òun ní kó sè.

Orí ọ̀kadà ni mo wà tí ó fi sọ sí mi lọ́kàn.
Bàbá mi mọ ọgọ́fà orúkọ náà sórí,
ó mọ ẹni tó ń purọ́, ó mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn.
Lóru tí iná tirẹ̀ lọ,
ìwé yìí nìkan ló ti fi pamọ́.

Lọ́la, a ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́tà ránṣẹ́.
Mo ń ronú ẹni tí mo mọ̀ ní Kàbbà.