Orúkọ Tí Kò Ní Ohùn

Ní Bergen, òjò kì í bèèrè bóyá o ti ká aṣọ.
Ó ń rọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó ń rọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi,
Luo Yanbei sì ń gé orí ẹja létí èbúté,
orí lé orí, títí ìka rẹ̀ á fi kú sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà.
Jan ni ọ̀gá rẹ̀ ń pè é.
Kò jiyàn. Ó kàn ń gé ẹja.

Ìyá rẹ̀ kò bí Jan.
Ẹyẹ odò tó ń fò lọ sí àríwá ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́,
ní èdè olóhùn bíi tiwa,
níbi tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò ti lè sùn lórí ẹní kan.
Bọ́ ohùn lára ọ̀rọ̀, o ti bọ́ aṣọ lára arúgbó.

Kí ló ṣe?
Ilé-ìwé kan wó lu àwọn ọmọ lẹ́bàá Lanzhou.
Ìjọba ní ọmọ méjì ló kú.
Yanbei lọ síbẹ̀, ó ka bàtà inú ẹrẹ̀:
mọ́kànlélógójì, ọ̀kan kò rí èkejì rẹ̀.
Ó kọ iye yẹn sínú ewì, kò fi àfiwé kankan bò ó.
Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fún un, nítorí ìṣirò.

Nínú túbú, kò sí bébà, kò sí kálàmù.
Keng, olè kẹ̀kẹ́, tí kò mọ lẹ́tà kan,
ló di àpótí ìwé rẹ̀.
Lálaalẹ́ ni Yanbei ń ka ewì sí i létí,
Keng a gbé e mì bí ọmọ tó ń gbé àgbo mì,
a fajú ro, ṣùgbọ́n kò ní bì í.
Ọjọ́ tí wọ́n tú Keng sílẹ̀, ó rin ìrìn ọjọ́ méjì
lọ bá Suyun, ìyàwó ẹni tó kù sẹ́yìn,
ó jókòó, ó mumi, ó ka ewì mọ́kàndínlógún láìsinmi.
Níbi tí akéwì ti sọ pé òṣùpá,
táyà ni olè pè é.
Yanbei kò tún un ṣe títí dòní.
Ó ní Keng ló mọ ohun tó ń yí.

Lẹ́yìn náà, pásípọ́ọ̀tù, ọkọ̀ òfuurufú, ilẹ̀kùn tó tì lẹ́yìn rẹ̀.
Suyun kò rí ìwé ìrìnnà gbà.
Ní ọdún kẹta, lẹ́tà rẹ̀ kúrú.
Ní ọdún karùn-ún, kò wá mọ́.

Àwa máa ń sọ pé ilé làbọ̀ sinmi oko.
Ẹ má sọ ọ́ létí ẹni tí ilé gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń pe ìyá rẹ̀.
Ẹni kẹta wà lórí ìlà, ó máa ń húkọ́.
Nítorí náà, kábéèjì ni ìyá ń sọ:
kábéèjì ti wọ́n, kábéèjì ti rọ, òtútù ti pa kábéèjì.
Ọmọ náà mọ ohun tó ń jẹ́ kábéèjì.
Lọ́jọ́ kan, fóònù dún, ó dún, ó dún.
Ẹni kẹta nìkan ló húkọ́.

Ó sun bébà fún ìyá rẹ̀ nínú agolo kọ́fí
létí omi, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn.
Obìnrin kan tó ń fa ajá kọjá
ní iná dídá jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀.
Kí ó tó wí tán, òjò ti pa á.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wo ojú rẹ̀ títí.
“Jan,” ló ní, “báwo ni wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ gan-an?”
Ó sọ ọ́. Ọ̀gá gbìyànjú, ètè rẹ̀ wọ́,
ohùn tó yẹ kó já wálẹ̀ dúró sókè,
èyí tó yẹ kó tẹ̀ náà dúró sókè,
ohun tó sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀, lédè àwọn ará Lanzhou, ni:
ife èéfín.

Yanbei rẹ́rìn-ín, ẹja bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó fa lébẹ́ẹ̀lì kan ya lára àpótí,
ó kọ ọ́ síbẹ̀ bí ọ̀gá ṣe pè é.
Kò tún un ṣe.